Ta Ni Yóò San Owó Ọlọ́dẹ?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí ti ọ̀nà jíjìn wá; ó gba orí òkun, ó gba inú kòtò wúrà, ó sì gba ojú ogun kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi dé ìdí rẹ̀, ẹ óò rí i pé ojúde ilé wa ló sùn sí. Ọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ ni. Ta ni ń dá a lé? Ta ni ń san án? Ta ni a kò sì pè síbi ìpàdé?

Àbúrò mi kan ń gbé ní Johannesburg, ní orílẹ̀-èdè South Africa. Fourways ni wọ́n ń pe àdúgbò rẹ̀, ní apá àríwá ìlú náà. Orúkọ yìí kò ṣòroó túmọ̀ fún ọmọ Yorùbá: oríta mẹ́rin ni. Títì ńlá tí wọ́n ń pè ní William Nicol tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sọ ní Winnie Mandela lọ́dún 2023, ló pàdé títì Witkoppen níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ wa ni, ẹbọ ni à bá máa bá ní irú oríta bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Níbẹ̀, ilé ìtajà ràgàjì àti ilé tẹ́tẹ́ aláràbarà ni wọ́n kọ́ yí i ká. Inú ọgbà ni púpọ̀ nínú àwọn ará àdúgbò náà ń gbé. Odi gíga, wáyà oníná lórí odi, géètì tí kì í ṣí fún ẹni tí wọn kò mọ̀, àti ọlọ́dẹ tọ̀sán-tòru.

Mo wà lọ́dọ̀ àbúrò mi yìí lọ́dún tó kọjá nígbà tí wọ́n pe ìpàdé ọgbà wọn. Àwọn tó ń bá wọn ṣọ́ géètì fẹ́ gba owó kún owó, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ariwo. Àbúrò mi múra, ó lọ, mo sì tẹ̀ lé e kí n lè wòran. Nígbà tí ó tó àkókò àtidìbò, wọ́n rọra sọ fún un pé kí ó má bínú, onílé nìkan ló lè na ọwọ́ sókè. Ayálégbé ni òun. Onílé tí ó gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Aṣojú rẹ̀ ló wà níjòókòó, òun ló na ọwọ́. Kí a tó délé ni lẹ́tà ti wọlé sórí fóònù pé owó ilé yóò gbéra láti oṣù tó ń bọ̀.

Àbúrò mi wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i? Àwọn tí kò ní san án ló pinnu pé kí á san án.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Ìlọrin, ẹ kò ní sọ pé irú èyí ṣàjèjì sí yín. Ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù ní òpópónà yín ló ń dá owó ọlọ́dẹ lé, ẹnu ọ̀nà yàrá ayálégbé ni wọ́n sì ń kàn láti gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi rẹ́rìn-ín ní Fourways lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi sọ yẹn ti ṣẹlẹ̀ rí ní ìlú Johannesburg yìí kan náà, nígbà tí Fourways ṣì jẹ́ pápá oko àwọn Boer. Ọdún 1903 ni. Nígbà náà, ọlọ́dẹ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, owó tí ó sì ń bèèrè kì í ṣe kékeré: mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1899 títí di ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1902 ni Gẹ̀ẹ́sì fi bá àwọn Boer jà lórí ilẹ̀ Transvaal àti Orange Free State, ilẹ̀ tí wúrà àgbáyé ti ń tú jáde láti ọdún 1886. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rò pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ogun náà máa gbà. Ó gbà tó ọdún méjì àti oṣù méje, owó tí ó sì jẹ lé ní mílíọ̀nù 200 pọ́n-ùn. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun tán, àpò ìjọba ti gbẹ, àwọn tó ń san owó-orí nílùú ọba sì ń ráhùn. Níbo ni a ó ti rí owó yìí gbà padà?

Joseph Chamberlain ni mínísítà tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì lásìkò náà. Ọkùnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré. Ní nǹkan bí àárín ọdún 1902, ó kó àwọn olórí ìjọba Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand, Cape, Natal àti Newfoundland jọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì dà bí òmìrán tí ó ti rẹ̀, tí ẹrù rẹ̀ sì ti wúwo jù, pé àkókò tó kí àwọn ọmọ ran bàbá lẹ́rù. Ó mú ìṣirò jáde. Lórí ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi, ṣílè 29 àti pẹ́ńsì 3 ni ó ń bọ́ sórí olúkúlùkù èèyàn nílùú ọba. Ní Kánádà, ṣílè 2 péré ni. Ṣé èyí dára?

Ẹ wá wo bí àwọn tó ní ẹnu ṣe dáhùn. Wilfrid Laurier ti Kánádà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àwọn kò ní fún ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́bọ̀. Ọsirélíà gbà láti máa san 200,000 pọ́n-ùn lọ́dún, New Zealand 40,000, Cape 50,000, Natal 35,000, Newfoundland 3,000. Gbogbo wọn ló ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn, wọ́n sì ní láti padà sílé lọ bá àwọn aṣòfin wọn sọ ọ́. Bí Chamberlain tilẹ̀ bínú, kò rí nǹkan ṣe sí i. Ẹni tí ó lè sọ pé rárá ni a ń bá dúnàádúrà. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá, àṣẹ la ń pa fún un.

Transvaal ńkọ́? Kò ní ilé ìgbìmọ̀ kankan tí ará ìlú yàn. Alfred Milner ló ń ṣàkóso rẹ̀ lórúkọ ọba. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ Transvaal yìí gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jagun, òun ni ó ní wúrà, òun ni Chamberlain fẹ́ kí ó san èyí tí ó pọ̀ jù. Ta ni yóò wá bá sọ̀rọ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀. Nígbà tí àwọn Boer fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Pretoria lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1902, ẹsẹ̀ mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka ẹsẹ̀ kẹjọ àti ẹsẹ̀ kẹsàn-án tẹ̀ lé ara wọn. Ẹsẹ̀ kẹjọ sọ pé ọ̀rọ̀ bóyá kí èèyàn dúdú dìbò tàbí kí ó má dìbò, a kò ní yanjú rẹ̀ títí di ìgbà tí àwọn aláwọ̀ funfun bá ti gba àkóso ara wọn padà. Ẹsẹ̀ kẹsàn-án sọ pé a kò ní bu owó-orí pàtàkì kankan lé ilẹ̀ àti oko láti fi san owó ogun. Ilẹ̀ àti oko ọ̀hún, ọwọ́ ta ni ó wà? Ọwọ́ àwọn Boer ni. Èyí já sí pé ẹni tí ó bá Gẹ̀ẹ́sì jà ti rí i dájú pé ilẹ̀ òun kò ní san owó ogun. Ẹni dúdú tí kò bá wọn pilẹ̀ ìjà, wọ́n ti ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀ mọ́ ọn lójú nínú ìwé kan náà. Ẹsẹ̀ kẹwàá tún fi mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn ṣe ìrànwọ́ fún àwọn àgbẹ̀ Boer kí wọ́n lè tún ilé àti oko wọn ṣe. Mi ò sọ pé ìrànwọ́ yẹn kò tọ́, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ti jó ilé wọn, ó sì ti kó ìyàwó àti ọmọ wọn sí àgọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ti kú. Àgọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú náà wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kú bákan náà.

Kí Chamberlain ṣe? Ní ìparí ọdún 1902 ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di South Africa. Mínísítà tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ òkèèrè kò ṣe irú rẹ̀ rí lórí ipò. Ní oṣù Kìíní ọdún 1903 ó wọ Johannesburg, ó sì jókòó ti àwọn olówó ìwakùsà. Percy FitzPatrick wà lára àwọn aṣíwájú wọn, George Farrar náà wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọdé nínú ọjà. Wọ́n mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì nílò owó, wọ́n sì mọ ohun tí àwọn náà nílò: ọkọ̀ ojú irin, òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú, àti ìjọba tí kò ní gùn wọ́n lẹ́yìn. Ọdún 1902 náà ni Milner ti sọ owó-orí lórí èrè wúrà di ìdá 10 nínú 100, ìlọ́po méjì ohun tí ó jẹ́ lábẹ́ Kruger. Wọn kò fẹ́ kí ó tún gbéra.

Ìpinnu tí wọ́n ṣe nìyí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 35 pọ́n-ùn fún ilẹ̀ méjèèjì, pẹ̀lú èlé pọ́n-ùn 3 lórí 100, láti fi ra ojú irin, kí wọ́n sì fi tún ìlú ṣe. Transvaal náà yóò yá mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn láti fi dá sí owó ogun, mílíọ̀nù 10 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ilé-iṣẹ́ wúrà ńláńlá fi ọwọ́ sọ̀yà pé bí ẹlòmíràn kò bá ra ìwé gbèsè mílíọ̀nù 10 àkọ́kọ́, àwọn yóò rà á. Wọ́n jẹun, wọ́n mu, wọ́n pàtẹ́wọ́. Chamberlain padà sílé bí ẹni tó ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kejì.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ta ni olórí níhìn-ín? Àwọn Boer kò sí níbẹ̀ bí olùdúnàádúrà. Nígbà tí Milner tilẹ̀ pe Louis Botha, Jan Smuts àti Koos de la Rey pé kí wọ́n wá jókòó sínú ìgbìmọ̀ tí òun ń yàn, wọ́n kọ̀. Wọn kò fẹ́ fi ọwọ́ sí ohun tí wọn kò dá sílẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n pọ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rántí láti bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi, nínú kí ni mílíọ̀nù 30 yẹn yóò ti jáde bí kò ṣe nínú kòtò tí ọwọ́ wọn ń gbẹ́?

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré. Pọ́n-ùn 2 ni owó-orí tí ìjọba Transvaal ń gbà lọ́wọ́ ọkùnrin dúdú kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Pọ́n-ùn 2 jẹ́ ṣílè 40. Nígbà tí ogun parí, àwọn onílé-iṣẹ́ wúrà ti fohùn ṣọ̀kan láti gé owó òṣìṣẹ́ dúdú wálẹ̀ sí nǹkan bí ṣílè 30 lóṣù. Ìyẹn ni pé kí ọkùnrin kan tó lè san owó-orí rẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù kan lọ nínú ihò ilẹ̀ láì jẹ láì mu. Owó ọlọ́dẹ rẹ̀ nìyẹn, ó ti ń san án kí Chamberlain tó gúnlẹ̀.

Àwọn ọkùnrin náà fèsì lọ́nà tí ẹni tí kò ní ìbò fi ń fèsì: ọ̀pọ̀ wọn jókòó sílé, wọn kò padà sínú kòtò. Ilé-iṣẹ́ wúrà ń pariwo pé kò sí òṣìṣẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 1904, wọ́n ṣòfin láti kó èèyàn wá láti ilẹ̀ Ṣáínà, kí ó sì tó di ọdún 1907 wọ́n ti kó èyí tí ó lé ní 63,000 wá. Àárín rògbòdìyàn yìí ni àsìkò mílíọ̀nù 10 àkọ́kọ́ pé. Wọ́n ní ọjà kò tà, kí a sún un síwájú. Wọ́n sún un. Wọ́n tún sún un. Chamberlain fúnra rẹ̀ ti fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1903. Ẹgbẹ́ Liberal gba ìjọba ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ìparí ọdún 1905, Botha sì di olórí ìjọba Transvaal lọ́dún 1907. Mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn wọ inú ìwé ìtàn, kò wọ àpótí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kọ́bọ̀ kò wọlé.

Àwọn kan máa ń sọ pé ojú àánú ni Gẹ̀ẹ́sì fi wò wọ́n. Èmi kò gbà. Àwọn olówó wúrà ṣèlérí lórí owó tí wọn kò fẹ́ san, Chamberlain sì gba ìlérí lọ́wọ́ ẹni tí kò lè pàṣẹ fún ará ìlú. Ohun tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì lọ sí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 35 dúró pẹ̀lú èlé rẹ̀ lọ́rùn ìlú, pọ́n-ùn 2 lórí ọkùnrin dúdú náà sì dúró.

Ní Natal, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun, àpò ìjọba ibẹ̀ náà gbẹ, lọ́dún 1905 wọ́n bu pọ́n-ùn 1 lé orí àwọn ọkùnrin. Lọ́dún 1906 ni Bambatha, ìjòyè Zulu kan, gbé ìjà dìde lórí rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dúdú ni wọ́n pa.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń bi mí nínú pé kí ni èyí kàn wá ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó kàn wá púpọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun wa lọ sí Kamẹrúùnù, wọ́n sì lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lórí owó tí Nigeria ń san. Èyí kò tó. Lọ́dún 1917, nígbà tí Frederick Lugard ń ṣe gómìnà àgbà, ìjọba Nigeria tún gbà láti gbé mílíọ̀nù 6 pọ́n-ùn nínú gbèsè ogun Gẹ̀ẹ́sì sórí ara rẹ̀. Owó yìí ju gbogbo ohun tí ó ń wọlé fún ìjọba náà lọ́dún kan gbáko lọ. Ta ni a bi? Ìgbìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Nigerian Council. Èèyàn 36 ló wà nínú rẹ̀: òyìnbó 30, aláwọ̀ dúdú 6. Aláàfin Ọ̀yọ́ wà lára àwọn 6 ọ̀hún, Sultan Sókótó àti Ẹ́míà Kánò náà wà níbẹ̀. Àwọn lọ́balọ́ba wọ̀nyí kì í sì í sábà lọ. Bí gbogbo wọn tilẹ̀ lọ, ìgbìmọ̀ náà kò ní agbára láti ṣòfin. Ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ó lè mi orí.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìjọba Ẹ̀gbá tí ó dá dúró, tí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣe àdéhùn lọ́dún 1893, Lugard gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1914. Ní ọdún 1918 wọ́n gbé owó-orí tààrà dé. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará oko dìde, wọ́n tú ojú irin, wọ́n já wáyà. Àwọn ọmọ ogun wo ni ìjọba kó lọ bá wọn? Àwọn ọmọ Nigeria tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni. Ọlọ́dẹ tí a ń fi owó wa bọ́, wọ́n ní kí ó yí ìbọn padà sí inú ilé. Ọgọ́rọ̀ èèyàn ló kú.

Nígbà tí a ní ilé ìgbìmọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Lọ́dún 1960, àdéhùn ààbò kan wà láàárín Nigeria àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn lọ fi ẹ̀hónú hàn ní ilé ìgbìmọ̀ l'Ékòó ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ta kò ó. Ní oṣù Kìíní ọdún 1962 wọ́n fa ìwé náà ya.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan tí kò bá ọ̀rọ̀ mi mu dáadáa. Lọ́dún 1976, ìjọba ológun Nigeria dá owó kan sílẹ̀ láti fi ran àwọn tó ń jà fún òmìnira ní South Africa lọ́wọ́. Wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ará ìlú sì wá sọ ọ́ ní owó-orí Mandela. Bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n yọ tiwọn. Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá ẹnikẹ́ni bèèrè lọ́wọ́ wọn kó tó yọ ọ́. Wọ́n ní rárá o, ìjọba ṣọ́jà kì í bèèrè. Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní bí wọ́n bá bèèrè, àwọn ì bá fi kún un. Mo sọ ìtàn yìí fún àbúrò mi ní Fourways, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé bàbá wa fẹ́ràn ìjà tí kò kàn wọ́n.” A jọ rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń padà bọ̀ wálé, ọlọ́dẹ tí ó wà ní géètì ràn mí lọ́wọ́ gbé ẹrù sínú ọkọ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà ni, ará Limpopo. Mo kí i kú oríire owó tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí. Ó béèrè pé owó tuntun wo? Mo ṣàlàyé ìpàdé náà fún un, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ àti bí wọ́n ṣe na ọwọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó sì gbé ọ̀pá géètì sókè kí ọkọ̀ wa lè kọjá.